Ọjọ́ tí Aṣọ́bodè Kọ

Ìyá kan tó ń ta abọ́ lọ́jà Ògùnpa, nílùú Ìbàdàn, ló na páńsípọ́ọ̀tù rẹ̀ sí mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ọmọ rẹ̀ obìnrin fẹ́ bímọ sí London, ìyá sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù: ọṣẹ dúdú, òrí, èlùbọ́, àti kànìnkànìn tuntun tí yóò fi wẹ ọmọ. Ó ní, "Ẹ bá mi kà á. Ọdún méjì ni wọ́n fún mi. Mo fẹ́ dúró títí ọmọ á fi máa rìn kí n tó padà wálé."

Mo ka fíìsà náà fún un. Òótọ́ ni pé ọdún méjì ló wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n fíìsà àbẹ̀wò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ì báà jẹ́ ti ọdún méjì, márùn-ún tàbí mẹ́wàá, kì í fún èèyàn láyè láti dúró ju oṣù mẹ́fà lọ lẹ́ẹ̀kan. Ìyá dákẹ́. Ó ń ka oṣù lórí ìka ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tó ṣe, ó ní, "Oṣù mẹ́fà kẹ̀? Ọmọ ò tíì ní ju kó jókòó lọ nígbà yẹn."

Àṣìṣe yìí kì í ṣe ti ìyá yìí nìkan. Láti Ọjà'ba dé Bẹẹrẹ, láti Mápó dé Bẹ́yẹrúnkà, kò wọ́pọ̀ kí a rí agboolé tí kò ní ọmọ lókè òkun, àwọn ìyá àti bàbá sì ń lọ wò wọ́n. Púpọ̀ nínú wọn rò pé fíìsà àti àṣẹ ìgbé, ohun kan náà ni. Wọn kì í ṣe ohun kan náà. Fíìsà ló ń jẹ́ kí a kan ilẹ̀kùn. Ní ọ̀pọ̀ ìlú, ẹni tó jókòó sẹ́nu bodè, tó gba páńsípọ́ọ̀tù lọ́wọ́ wa, ló ń sọ ọjọ́ tí a máa lò. Ọjọ́ yẹn ni òfin ń wò. Bí a bá sì fẹ́ lò ju bẹ́ẹ̀ lọ, àfi ká tọrọ.

Oníbodè àti onílé

Iṣẹ́ aṣọ́bodè kì í ṣe ohun àjèjì sí wa. Ní ayé ogun, odi yí Ìbàdàn ká, oníbodè sì wà lẹ́nu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, tó ń gba owó bodè, tó sì ń wo ẹni tó ń wọlé. Àlejò tó bá fẹ́ sùn sílùú gbọ́dọ̀ ní onílé, ìyẹn ẹni tó gbà á sílé, tí yóò sì dáhùn bí àlejò bá ṣẹ̀. Bí àlejò bá rí i pé ìlú tu òun lára, tó fẹ́ pẹ́, onílé rẹ̀ ló máa mú un dé ọ̀dọ̀ ìjòyè àdúgbò láti tọrọ ibi tí yóò kọ́lé sí. Ìbàdàn fúnra rẹ̀, àkójọ àlejò ni: Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá ló pàgọ́ síbẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1829. Ìlú tí àlejò dá sílẹ̀ ṣì ń béèrè lọ́wọ́ àlejò pé ta ló mọ̀ ọ́n, ìgbà wo ló sì ń lọ.

Ògùnpa náà mọ àlejò tó ń fi ìwé gbé ìlú. Lẹ́yìn tí rélùwéè dé Ìbàdàn ní 1901, òwò ṣí sọ̀ kalẹ̀ sí ìhà Dùgbẹ̀, Gbági àti Ògùnpa. Àwọn ará Lebanon, tí àwọn bàbá wa ń pè ní Kóráà, wá ṣí ṣọ́ọ̀bù aṣọ, débi pé orúkọ ìlú wọn wà lára òpópónà kan níbẹ̀ títí dòní. Lásìkò náà, abẹ́ ọlọ́pàá ni ètò ìwọlé àlejò wà. Ọdún 1958 ni wọ́n yọ ọ́ kúrò lọ́wọ́ ọlọ́pàá, tó di ẹ̀ka ìjọba fúnra rẹ̀, èyí tí a mọ̀ sí Ìmígíréṣọ̀n lónìí. Òfin 1963 ló là á sílẹ̀ bí àjèjì ṣe lè wọlé àti bó ṣe lè dúró, kí òfin tuntun tó rọ́pò rẹ̀ ní 2015. Nígbà tó di 1972, ìjọba ológun tún ṣòfin tó fi ọ̀pọ̀ òwò kéékèèké sílẹ̀ fún ọmọ Nàìjíríà nìkan. Àlejò tó ti pẹ́ ní Ògùnpa wá rí i pé pípẹ́ nìkan kò tó.

Ọ̀sẹ̀ méjì ní Ghana

Àwa náà ti rí irú rẹ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia ní Ghana pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbé lọ gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kí wọ́n fi ìlú sílẹ̀. Ọmọ Nàìjíríà ló pọ̀ jù nínú àwọn tí àṣẹ náà bá, Yorùbá sì pọ̀ nínú wọn: ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ẹjìgbò, Ìnísà, Ọ̀ffà, Ṣakí àti Ìgbòho, tí wọ́n ń tajà láti Accra dé Kumasi, títí dé Tamale ní àríwá. Nígbà tí ọ̀pọ̀ wọn tàbí òbí wọn kọ́kọ́ débẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ló ń ṣàkóso ìlú méjèèjì, kò sẹ́ni tó bi wọ́n ní ìwé. Ibẹ̀ ni wọ́n bí ẹlòmíì sí. Wọ́n kọ́lé, wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù, àwọn onílé ń pè wọ́n ní Alátà, ọ̀rọ̀ ìwé kò sì wá sí wọn lọ́kàn.

Ọ̀sẹ̀ méjì kò tó láti gba ìwé, kò sì tó láti ta ilé. Ọjà tí wọ́n fi ogún ọdún kó jọ, ọ̀pọ̀ tà á ní ẹ̀dínwó, ọ̀pọ̀ fi í sílẹ̀. Ogun abẹ́lé ń jà nílé lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n ń dé. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó sọ̀ kalẹ̀ nínú lọ́rì lọ́dún yẹn ló gbọ́ èdè Twi ti Ghana ju Yorùbá lọ. Ohun tó dun àwọn àgbà jù nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé wọ́n bá àwọn aládùúgbò wọn gbé dáadáa. Ìwé nìkan ni wọn kò ní.

Àádọ́rùn-ún ọjọ́

Lẹ́yìn ọgbẹ́ yẹn ni àwọn ìjọba ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà pàdé ní Dakar ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 1979. Wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn ECOWAS pé ọmọ ìlú kan lè wọ ìlú kejì láìgba fíìsà, kó sì lo àádọ́rùn-ún ọjọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbọ́ ìdajì àkọ́kọ́, wọn kò gbọ́ ìdajì kejì: àdéhùn kan náà sọ pé ẹni tó bá fẹ́ lò ju àádọ́rùn-ún ọjọ́ lọ gbọ́dọ̀ tọrọ àfikún ọjọ́ lọ́wọ́ ìjọba ìlú tó wà.

Kò pé ọdún mẹ́rin sígbà náà tí ọ̀rọ̀ yí padà. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìn-ín-ní 1983, Alhaji Ali Baba, mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé nínú ìjọba Shehu Shagari, fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti kúrò ní Nàìjíríà. Ohun tí ìjọba dì mú ni pé wọ́n ti kọjá ọjọ́ tí òfin fún wọn. Àwọn ará Ghana tó lọ tó nǹkan bí mílíọ̀nù kan. Báàgì pupa, búlúù àti funfun tí wọ́n fi kó ẹrù la sọ ní Ghana Must Go, a ṣì ń fi í kó ọjà ní Ògùnpa dòní. Ohun tí wọ́n ṣe fún wa ní 1969, àwa náà ṣe é fún wọn. Kò yẹ kí ẹnì kankan nínú wa fi ọ̀rọ̀ ìwé ìgbé ṣeré.

Bí wọ́n ṣe ń tọrọ ọjọ́ kún ọjọ́

Ní Nàìjíríà, àlejò tó bá fẹ́ pẹ́ sí i á lọ sí ọ́fíìsì Ìmígíréṣọ̀n pẹ̀lú lẹ́tà ẹni tó gbà á sílé, tí onítọ̀hún á fi kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ni yóò dáhùn fún un. Onílé ayé àtijọ́ ló padà wá sórí pépà yẹn. Lọ́dún 2025, ìjọba kéde ìtanràn dọ́là 15 fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí àlejò bá fi kọjá àsìkò rẹ̀.

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀nà náà tóóró. Ẹni tí wọ́n fún ní ọjọ́ tí kò pé oṣù mẹ́fà lè tọrọ kó pé. Aláìsàn tó ń fi owó ara rẹ̀ gba ìtọ́jú lè tọrọ oṣù mẹ́fà míì, bó bá ní ìwé dókítà àti owó lọ́wọ́. Ọmọ wíwẹ̀ kò sí lára ohun tí wọ́n ń torí rẹ̀ fi ọjọ́ kún ọjọ́. Ẹni tó bá fi ju ọgbọ̀n ọjọ́ lọ kọjá àsìkò lè rí i pé wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ òun fún ọdún kan, ó sì lè dé ọdún mẹ́wàá.

Ní Amẹ́ríkà, ọjọ́ tó ṣe pàtàkì kò sí nínú fíìsà rárá. Inú àkọsílẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní I-94 ló wà, láti 2013 sì ni àwọn tó ń wọ ọkọ̀ òfúrufú ti ní láti wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Fọ́ọ̀mù I-539 ni wọ́n fi ń tọrọ àfikún. Ìjọba ibẹ̀ gbani níyànjú pé kó tó nǹkan bí ọjọ́ 45 sí ọjọ́ ìparí ni kéèyàn ti fi ránṣẹ́, pẹ̀lú ìdí tó fi fẹ́ pẹ́, owó tí yóò fi gbọ́ bùkátà, àti ẹ̀rí pé yóò padà sílé. Òfin 1996 wọn sọ pé ẹni tó bá lo ju 180 ọjọ́ lọ láìgbàṣẹ kó tó kúrò, ọdún mẹ́ta ni kò ní wọlé mọ́. Bó bá pé ọdún kan, ó di ọdún mẹ́wàá.

Ìpalára kíkọjá ọjọ́ kò mọ sórí ẹni tó ṣe é. Nínú oṣù Kejìlá 2025, Amẹ́ríkà kéde pé òun dá fíìsà àbẹ̀wò àti ti akẹ́kọ̀ọ́ dúró fún àwọn ọmọ Nàìjíríà, bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ 1 oṣù Kìn-ín-ní 2026. Lára ìdí tí wọ́n kọ sílẹ̀ ni pé ìdá 5.56 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó gba fíìsà àbẹ̀wò láti ọ̀dọ̀ wa ló kọjá ọjọ́ wọn. Ìyẹn ni pé àwọn tó lé ní 94 nínú ọgọ́rùn-ún pa òfin mọ́. Àwọn náà ni ilẹ̀kùn tì mọ́. Mi ò gbà pé ó tọ́ kí wọ́n fi ẹ̀ṣẹ̀ díẹ̀ jẹ ọ̀pọ̀ níyà, ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn, ìyá tó fẹ́ lọ wẹ ọmọ ló sì ń jẹ nínú rẹ̀.

Ẹni tó ní òun mọ̀nà

Ibi tí èèyàn wa ti ń kó sí wàhálà jù ni ọwọ́ ẹni tó ní òun mọ ènìyàn. Á ní kí ìyá má ṣèyọnu, pé òun á bá a tún un ṣe. Á gbowó, á fi ìwé ìlera èké tàbí ìwé báǹkì tí kì í ṣe tirẹ̀ sínú fáìlì. Nígbà tí àṣírí bá tú, orúkọ ìyá ló wà lórí fọ́ọ̀mù. Kíkọjá ọjọ́ ní àlàyé. Irọ́ kò ní. Abèèrè kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ìjọba ìlú náà tàbí lọ́yà tó níwèé àṣẹ ló yẹ kéèyàn ti béèrè.

Ohun tí mo sọ fún ìyá alábọ́ náà ni mo ń sọ fún ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí. Ọjọ́ tí ẹ bá débẹ̀, kí ẹ tó tú ẹrù, ẹ ní kí ọmọ yín wá ọjọ́ tí wọ́n kọ fún yín, kó kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri ilé ìdáná. Bí ìdí gidi bá wà láti pẹ́, ẹ tọrọ nígbà tí ọjọ́ ṣì kù. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ dìde. Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ìyá tó padà lọ́jọ́ tó sọ lè tún lọ nígbà tí ọmọ bá ń rìn, ọmọ náà á sì sáré wá pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.