MÀMÁ Ń GBÀGBÉ OWÓ ÀWÌN: Ẹ MÁ PÈ É LÁJẸ̀Ẹ́ O!

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ gbọ́ ná! Láti Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́ títí dé àwọn ọjà ìlú Oǹdó, inú orí ni ọ̀pọ̀ ìyá àgbà ń kọ àwìn sí. Ẹni tó gba gààrì kóńgò mẹ́ta, ẹni tó san ààbọ̀ owó epo, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀ láìsí bírò. Bí iyè bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í ra ńkọ́? Oníbàárà aláìṣòótọ́ á ní òun ti san. Àwọn ọmọ á ní kí màmá fi ìsọ̀ sílẹ̀. Àwọn aláhesọ á sì máa sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé àjẹ́ ni.

Irọ́ ni! Bí eékún ṣe ń dàgbà ni ọpọlọ ń dàgbà. Kí àgbà gbàgbé ibi tó fi kọ́kọ́rọ́ sí, kó tún rántí, kò burú. Ṣùgbọ́n bí kò bá mọ ọ̀nà ilé ara rẹ̀ mọ́, tí kò dá owó mọ̀ mọ́, ẹ tètè gbé e lọ sí ọ́sípítù. Ẹ̀jẹ̀ ríru, etí dídi, ìbànújẹ́ ọkàn, àní àwọn oògùn kan, wọ́n lè da iyè rú, dókítà sì lè rí nǹkan ṣe sí wọn.

Kì í ṣe gbogbo àgbà ló ń ṣarán. Àwọn oníṣègùn Ìbàdàn àti ti Indianapolis ní Amẹ́ríkà jọ wádìí ọ̀rọ̀ náà lára àwọn ẹni ọdún 65 sókè. Èsì ọdún 2001 fi hàn pé àwọn tí àìsàn arán ń bá lọ́dọọdún láàárín Yorùbá Ìbàdàn kò tó ìdajì ti àwọn adúláwọ̀ Indianapolis.

Ṣé a lè kọ́ iyè? Bẹ́ẹ̀ ni. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n kọ́ àwọn àgbà bí a ti í há nǹkan sórí, nǹkan bí ìgbà 10. Àǹfààní rẹ̀ ṣì hàn lẹ́yìn ọdún márùn-ún, ṣùgbọ́n nígbà tó pé ọdún 10, ó ti ṣá. Àdá ni iyè: ẹni tó pọ́n ọn lẹ́ẹ̀kan tó gbé e jù sílẹ̀, yóò bá a tó ti kú.

Ọ̀nà rẹ̀ kò gba owó. Bí ẹ bá fẹ́ ra nǹkan mẹ́wàá, ẹ pín in: ti ọbẹ̀ lọ́tọ̀, ti ìwẹ̀ lọ́tọ̀. Bí ẹni tó wé gèlè pupa bá gba kóńgò mẹ́ta, ẹ fi ojú inú rí kóńgò mẹ́ta lórí gèlè náà. Ẹ tún un sọ lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, lẹ́yìn wákàtí kan, àti lálẹ́. Ẹ ta ayò: ihò 12, ọmọ 48, ìṣirò ni gbogbo rẹ̀.

Ìwé ńkọ́? Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Kí ọmọọmọ máa kọ àwìn sílẹ̀, ṣùgbọ́n kí màmá kọ́kọ́ kà á láti orí kí wọ́n tó ṣí ìwé. Ìwé á ṣọ́ owó, màmá náà á máa pọ́n iyè.

Oǹdó ló ní Lóbùn, olórí àwọn ìjòyè obìnrin, tí ọ̀rọ̀ ọjà wà níkàwọ́ rẹ̀. Ìlú tó fi ọjà lé obìnrin lọ́wọ́ mọ iyì orí àgbà. Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ, ẹ má fi ìkánjú gba ìsọ̀ lọ́wọ́ màmá. Ẹ ra ìwé àti bírò, kí ẹ jókòó tì í.