Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Ṣé èdè Gẹ̀ẹ́sì ló ń sọni di ọmọ Amẹ́ríkà?

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹta ọdún 2025, Ààrẹ Donald Trump fọwọ́ sí àṣẹ tó sọ Gẹ̀ẹ́sì di èdè ìjọba Amẹ́ríkà. Ẹ̀yin tí ẹ ní òbí lọ́hùn-ún, ẹ gbọ́ ohun tí òfin wí:

• Ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀: Àtúnṣe Kẹrìnlá sí òfin ilẹ̀ náà (1868) ló fún un ní ẹ̀tọ́ ọmọ onílẹ̀. Kò mẹ́nu ba èdè kankan.

• Àwọn ará Puerto Rico: ọmọ Amẹ́ríkà ni wọ́n láti 1917, èdè Sípéènì sì ni ọ̀pọ̀ wọn ń sọ.

• Àjèjì tó fẹ́ di ọmọ onílẹ̀: ó gbọ́dọ̀ ṣe ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì kíkà, kíkọ àti sísọ. Ṣùgbọ́n ẹni ọdún 50 tó ti lo ọdún 20 pẹ̀lú green card, tàbí ẹni ọdún 55 tó ti lo ọdún 15, bọ́ lọ́wọ́ ìdánwò èdè. Ó lè fi Yorùbá dáhùn ìbéèrè lórí ìtàn àti ìṣèjọba, kí ògbufọ̀ túmọ̀ rẹ̀.

Àṣẹ 2025 kò yí èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí padà.

Èrò tiwa rèé: Gẹ̀ẹ́sì wúlò, ó yẹ kí ìjọba máa kọ́ àwọn àlejò ní èdè náà lọ́fẹ̀ẹ́. Àmọ́ ìyá tó ń ṣiṣẹ́, tó ń san owó orí, tó ń tọ́ ọmọ dáadáa, ọmọ ìlú gidi ni. Ìwà ló yẹ ká fi mọ ọmọ ìlú.

Ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ní òbí lọ́hùn-ún.