Ṣé O Mọ Ohun Tó Wà Nínú Kọ́ọ̀bù Rẹ?

Ṣé o mọ̀ pé o lè máa mu tíì ní Command, ní Alimosho l'Ékòó, láti ọdún dé ọdún, kí ewé tíì kan ṣoṣo má kàn ọ́ lẹ́nu? Milo, tíì ni. Bournvita, tíì ni. Kọfí náà ńkọ́? Tíì ni o! Ohun gbígbóná tó bá ti wọ kọ́ọ̀bù ní Alimosho, orúkọ kan ló ń jẹ́.

Ó yá, bá mi dúró lọ́dọ̀ Àbókí onítíì létí títì. Dẹ́rẹ́bà dánfó yẹn fẹ́ Nescafé, Milo àti mílíìkì pa pọ̀. Ẹni tó tẹ̀ lé e ní dúdú lòun fẹ́, kí ṣúgà má débẹ̀. Ìyá kan ní kó fi hóró ṣúgà márùn-ún sí i. Márùn-ún! Àbókí ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó gbé kọ́ọ̀bù kan sókè kọjá orí, ó mú èkejì wá sísàlẹ̀ nídìí, ó ń dà á lọ, ó ń dà á bọ̀, títí ìfófòó fi bò ó lójú. Wo ilẹ̀. Ẹ̀kán kan ò ta sílẹ̀!

Nígbà ìkànìyàn 2006, ènìyàn 1,277,714 ni wọ́n kà ní Alimosho nìkan. Ẹnu mélòó nìyẹn, tí kálukú ní bó ṣe fẹ́ tíì tirẹ̀?

O rò pé ìwọ lo ṣòro tẹ́ lọ́rùn? Beethoven, olórin ilẹ̀ Jámánì, wọ́n ní kíkà ló ń ka hóró kọfí tirẹ̀. 60 fún kọ́ọ̀bù kan. Kì í ṣe 59 o.

Hóró kọfí ọ̀hún, tí òyìnbó ń pè ní "bean", kì í ṣe ẹ̀wà. Kóró èso pupa kékeré kan ni, méjì-méjì ló sì sábà máa ń wà nínú èso kan. Ìbejì!

Nescafé tí dẹ́rẹ́bà yẹn fẹ́ ńkọ́? April 1, 1938 ló jáde ní Switzerland. Ọjọ́ tí òyìnbó ń tan ara wọn jẹ!

Gbọ́ eléyìí. Ní Touba, ní Senegal, ẹ̀ẹ̀rù ni wọ́n ń fi sí kọfí. Ẹ̀ẹ̀rù kẹ̀? Àní ẹ̀ẹ̀rù tí ẹlẹ́wé ọmọ ń tà lọ́jà, tá a fi ń se ọbẹ̀ fún ìyá ìkókó. Wọ́n á lọ̀ ọ́ mọ́ kọfí, nígbà mìíràn wọ́n á fi kànáfùrù sí i. Òun ni café Touba. Ọ̀fun á ta, imú á là.

Ní Ethiopia ńkọ́? Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń bu omi sí kọfí kan náà, ìpele kọ̀ọ̀kan ló sì lórúkọ: abol, tona, baraka. Àwọn mìíràn níbẹ̀ ń fi iyọ̀ sí i. Iyọ̀ o!

Ṣé o mọ̀ pé Yorùbá náà ń gbin kọfí? Lọ sí Kàbà, ní Kogi. Lọ sí Ìjùmú. Ní Ìbàdàn, CRIN, ilé ìwádìí kòkó ti Nàìjíríà, ló ń ṣèwádìí kòkó, kọfí, tíì, kajú àti obì lábẹ́ òrùlé kan.

Kí ló kan obì? Kaféènì, ohun tó ń lé oorun lójú ẹni tó mu kọfí, òun náà ló wà nínú obì gbànja. Bàbá àgbà tó ń búra pé òun ò tọ́ kọfí wò rí, ó ti ń rún un lẹ́nu láti àárọ̀!

Tún wo Àbókí dáadáa. Tíì gbogbo Command ló ń pò. Òun fúnra rẹ̀, kí ló wà lẹ́nu ẹ̀?

Obì ni.