Ṣé O Mọ̀? Oṣù Kẹsàn-án Ni Iṣẹ́ Kérésì Ti Ń Tán

Ṣé o mọ̀ pé ọjọ́ tí àwọn ṣọ́ọ̀bù ńlá bá bẹ̀rẹ̀ sí í lu orin Kérésì, àwọn tí yóò bá wọn tajà ti gba aṣọ iṣẹ́? Láti oṣù Kẹsàn-án ni ọ̀pọ̀ ọ̀gá ti ń ṣírò iye ọwọ́ tí wọ́n máa nílò. Ẹni tó bá gbé CV dé lógúnjọ́ oṣù Kejìlá, ẹ̀rín ni wọ́n máa fi dá a lóhùn. Mo mọ ẹ̀rín yẹn dáadáa. Wọ́n ti rín in sí mi rí.

Ṣé o mọ̀ pé iṣẹ́ àsìkò ti wà nílẹ̀ wa kí òyìnbó tó dé? Ọ̀nà mẹ́ta ni àgbẹ̀ Yorùbá fi ń wá ọwọ́ kún ọwọ́. Ti ọ̀wẹ̀, oúnjẹ àti ẹmu ni wọ́n fi ń dúpẹ́. Ti àáró, bá mi ṣe tèmi lónìí, kí n bá ọ ṣe tìrẹ lọ́túnla. Àgbàṣe nìkan ló la owó lọ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń dúnàádúrà rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gbé ọkọ́.

Ṣé o mọ̀ pé igba-igba ni wọ́n ń ka ebè fún alágbàṣe? Igba ebè ni ìwọ̀n iṣẹ́, bí ó ṣe jẹ́ pé yáàdì ni ìwọ̀n aṣọ. Alágbàṣe tó bá mọ iye igba tí apá òun ká kí oòrùn tó mú, olóko kankan ò lè fi ọ̀rọ̀ dídùn rẹ́ ẹ jẹ. Àwa tí à ń wá iṣẹ́ ọ́fíìsì àti ti ṣọ́ọ̀bù lónìí ńkọ́? Mélòó nínú wa ló lè sọ iye oníbàárà tí òun lè dá lóhùn láàárín wákàtí kan? Wọ́n á bi wá pé èló la fẹ́ gbà, a ó ní, "Èyí tí ẹ bá ti ní, sà." Wọ́n á sì fún wa ní èyí tí wọ́n bá ti ní lóòótọ́.

Ṣé o mọ̀ pé oṣù Kẹwàá ni ìkórè kòkó tó tóbi jù sábà máa ń gbéra sọ ní Oǹdó, Ọ̀ṣun àti Èkìtì, tí yóò sì máa bá a lọ títí wọ ọdún tuntun? Ẹni tó ń wá iṣẹ́ kí wọ́n já kòkó, kí wọ́n fọ́ ọ, kì í dúró dìgbà tí èso bá pọ́n lórí igi. Oṣù Kẹjọ ló ti yẹ kó yọjú sí olóko. Kó má sì gbàgbé pé iṣẹ́ náà ò parí síbi ká fi àdá la èso. Kòkó tútù máa wà lábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún bí ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́fà kó tó kan sísá, sísá náà sì lè tó ọ̀sẹ̀ kan bí oòrùn bá ṣojúure. Bí ẹ bá ṣàdéhùn lórí ọjọ́ fífọ́ nìkan, ta ni yóò sáré kó kòkó nílẹ̀ lọ́jọ́ tí òjò bá ṣú? Ta ni yóò sì sanwó ọjọ́ yẹn? Bèèrè kó o tó wọ oko.

Ṣé o mọ̀ pé ọmọ ilẹ̀ Benin tàbí Togo lè wọ Nàìjíríà láìgba físà, kó sì lo 90 ọjọ́? Àdéhùn ECOWAS ti ọdún 1979 ló fàyè gbà á. Ìwé ìrìnnà tó ń ṣiṣẹ́ àti káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ni wọ́n máa bèèrè lẹ́nu ibodè. Ṣùgbọ́n ìwọlé ni 90 ọjọ́ yẹn wà fún. Àṣẹ láti ṣiṣẹ́, ọ̀tọ̀ ni.

Ṣé o mọ̀ pé àsìkò Iléyá kì í dúró sójú kan? Ọdún àwọn Mùsùlùmí ò ju bí 354 ọjọ́ lọ, nítorí náà Iléyá ń sún sẹ́yìn ní nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá tàbí mọ́kànlá lọ́dọọdún. Ní 2024, June 16 ló bọ́ sí. Ní 2025, June 6 ni. Ẹni tó fẹ́ ta koríko àgbò, tó fẹ́ wa ọkọ̀ àgbò, tó fẹ́ bá alápatà dúró lọ́jọ́ ọdún, tó wá ń fi kàlẹ́ńdà èṣí wá iṣẹ́, ó máa bá a pé wọ́n ti ń sun ìfun. Bí ìṣirò òṣùpá bá sì ṣe ń lọ yìí, Iléyá méjì ló máa bọ́ sínú ọdún 2039: ọ̀kan ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù Kìíní, èkejì ní nǹkan bí ọjọ́ kan péré lẹ́yìn Kérésì. Télọ̀ tó bá wà láyé lọ́dún náà, kó yáa tètè gba ọmọṣẹ́.

Télọ̀ ni mo dárúkọ yẹn. Ṣé o mọ̀ bí wọ́n ṣe ń yan aránṣọ tó máa bá wọn fà á ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ọdún? Wọn kì í ka CV. Mo jókòó sí ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kan ní Ìbàdàn lọ́jọ́ kan, mò ń retí aṣọ tèmi. Ọ̀dọ́kùnrin kan wọlé, ó kí ọ̀gá, ó ní òun gbọ́ pé wọ́n ń wá èèyàn. Ọ̀gá ò gbójú sókè. Ó ju àkísà aṣọ kan àti síìpù sí i, ó nawọ́ sí máṣíìnì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ọmọ náà yọ ṣísọ́ọ̀sì àti téèpù tirẹ̀ látinú àpò. Ìgbà yẹn ni ọ̀gá tó gbójú sókè. Síìpù náà ò tíì wọlé tán, ó ti ń sọ iye tó máa san lórí aṣọ kọ̀ọ̀kan fún un. Ṣísọ́ọ̀sì ló gba iṣẹ́ fún ọmọ yẹn, kì í ṣe síìpù.

Ó yá, ká yà sọ́dọ̀ òfin díẹ̀, torí ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Ṣé o mọ̀ pé òfin owó oṣù tó kéré jù ní Nàìjíríà, tó di ₦70,000 ní 2024, kò kan òṣìṣẹ́ àsìkò bíi ti oko? Ó wà nínú òfin ọdún 2019 ní kedere. Kò kan iléeṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ ò tó 25. Kò kan ẹni tí kò ṣiṣẹ́ lódindi ọjọ́. Kò kan ẹni tí wọ́n ń sanwó fún lórí iye nǹkan tó bá ṣe, àfi bíi ti aránṣọ wa yẹn. Bó o bá kó àwọn wọ̀nyí jọ, o ò ní rí iṣẹ́ ọdún tó pọ̀ tó bọ́ sábẹ́ òfin náà. Lójú tèmi, ìwà ìkà ni, nítorí ẹni tí àsìkò ń lé kiri ni ebi ń pa jù. Ṣùgbọ́n bó ṣe wà nílẹ̀ nìyẹn. Iye tí ìwọ bá fi ẹnu ara rẹ dúnàá ni iye tó o máa gbà.

Ṣé o mọ̀ pé òfin iṣẹ́ Nàìjíríà ní kí ọ̀gá kọ àdéhùn iṣẹ́ sílẹ̀ fún òṣìṣẹ́, ó pẹ́ tán, kí oṣù mẹ́ta tó pé tó wọṣẹ́? Ìròyìn ayọ̀, àbí? Iṣẹ́ Kérésì ò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ. Kí oṣù mẹ́ta tó pé, ìwọ ti wà nílé, ò ń sọ̀rọ̀ iṣẹ́ náà gẹ́gẹ́ bí ìtàn. Má dúró de òfin. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbà ọ́, fi ìwà pẹ̀lẹ́ bèèrè ìwé kékeré kan: iye owó, ọjọ́ owó, wákàtí iṣẹ́, ọjọ́ tó máa parí. Bí ọ̀gá bá ní kò sí ìwé, kọ ohun tí ẹ jọ sọ ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp, "Ẹ ṣé o, mà. Ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu yín nìyí." Bó bá ti dáhùn pé "Bẹ́ẹ̀ ni", o ti ní ìwé.

Ṣé o mọ̀ pé ẹni tí kò tíì lò ju oṣù mẹ́ta lọ lẹ́nu iṣẹ́, ìkìlọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo ni òfin náà là sílẹ̀ fún lílé e lọ, bí àdéhùn yín kò bá sọ nǹkan míì? Kò tilẹ̀ pọn dandan kó jẹ́ lórí ìwé. "Má wá lọ́túnla" ti tó.

Ṣùgbọ́n ṣé o mọ̀ pé òfin kan náà ò fàyè gba kí wọ́n fi owó ọ̀yà jókòó ju oṣù kan lọ, tàbí kí wọ́n fi ìrẹsì àti òróró dípò owó? Ẹ̀bùn Kérésì, ẹ̀bùn ni. Owó iṣẹ́, owó ni.

Ṣé o mọ̀ pé NIN jẹ́ nọ́ńbà 11, BVN náà jẹ́ 11, nọ́ńbà àkáǹtì báǹkì sì jẹ́ 10? Àwọn èèyàn máa ń kọ NIN síbi tí wọ́n ti ní kí wọ́n kọ BVN. Èmi ò ṣe ìyẹn. Tèmi tún burú jù ú lọ. Lọ́dún kan, mo ṣiṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ní ilé ìtajà kan. Orúkọ mẹ́ta ni mò ń jẹ́. Báǹkì fi ti baba mi ṣáájú, NIN fi í kẹ́yìn, ìwé tí mo kọ fún iléeṣẹ́ náà sì fi orúkọ àárín sílẹ̀ pátápátá. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi gba owó tiwọn nígbà tí Kérésì ku ọ̀la. Èmi gba tèmi nígbà tí àwọn ọmọ ilé ìwé ti wọlé, tí mo ti jẹ gbèsè tó ju owó náà lọ. Orúkọ kan náà, bó ṣe tò lẹ́sẹẹsẹ, ló yẹ kó wà lórí gbogbo ìwé rẹ. Àtúnṣe rẹ̀ ò ṣeé ṣe láàárọ̀ ọjọ́ kan, nítorí náà ìgbà tí kò sí iṣẹ́ ni kó o lọ ṣe é.

Ṣé o mọ̀ pé iṣẹ́ àsìkò tó ń gba èrò jù lọ ní Nàìjíríà lè jẹ́ ti ìdìbò? Ibùdó ìdìbò 176,846 ni INEC kà sílẹ̀ fún ìdìbò gbogbogbò ọdún 2023. Ká ní ẹni mẹ́ta péré ló jókòó sí ìkọ̀ọ̀kan, wọ́n ti ju ìdajì mílíọ̀nù lọ, wọ́n sì pọ̀ ju ẹni mẹ́ta. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń forúkọ sílẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni. Àgùnbánirọ̀ àti akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga ni wọ́n ń mú ṣáájú. Ohun tí wọn kì í sọ fún ọ ni pé o lè sùn sórí ilẹ̀ kíláàsì lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìdìbò. Mú ẹní, mú tọ́ọ̀ṣì, mú èéfín ẹ̀fọn. Àkàrà àti gààrí náà ò burú.

Ṣé o mọ̀ pé ẹni tó bá gba owó fọ́ọ̀mù, owó yunifọ́ọ̀mù, owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ rẹ kó o tó rí iṣẹ́, ìwọ gan-an ni iṣẹ́ tirẹ̀? Àdéhùn 181 tí àjọ òṣìṣẹ́ àgbáyé, ILO, ṣe ní 1997 ti sọ ọ́ pé kí iléeṣẹ́ tó ń báni wáṣẹ́ má gbowó lọ́wọ́ òṣìṣẹ́, yálà ní tààrà tàbí ní kọ̀rọ̀. Àwọn oníjìbìtì náà mọ àsìkò o. Oṣù Kẹwàá ni fóònù wọn máa ń gbóná.

Kí àwọn ọmọ wa tó wà ní London àti Manchester má rò pé mo gbàgbé wọn. Ṣé ẹ mọ̀ pé láti ọdún 1973 ni òfin Britain ti ka á léèwọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni gbowó lọ́wọ́ yín torí pé ó bá yín wáṣẹ́? Ọmọ Yorùbá ẹgbẹ́ yín tó ní kẹ́ ẹ mú £300 wá kóun tó fi yín hàn ní ilé ìkẹ́rùsí, òfin ló ń rú. Ẹ̀gbọ́n ilé kọ́ nìyẹn.

Ṣé ẹ mọ̀ pé akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó wà lórí físà ẹ̀kọ́ níbẹ̀, wákàtí 20 ló sábà láṣẹ láti ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀ nígbà tí ẹ̀kọ́ bá ń lọ? Láti Mọ́ńdè dé Sọ́ńdè ni ọ̀sẹ̀ náà. Ẹ ò lè ṣe 10 lọ́sẹ̀ yìí, kẹ́ ẹ wá ṣe 30 lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kẹ́ ẹ ní ó jẹ́ 20 náà. Nígbà ìsinmi, ẹ lè ṣe é lódindi. Ibi tó ti ń yọ̀ nìyí: fún ẹni tó ń ṣe máàsításì oníkíláàsì, ìsinmi Kérésì àti ti Àjíǹde jẹ́ ìsinmi, ṣùgbọ́n àkókò ẹ̀ẹ̀rùn tó fi ń kọ iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ kì í sábà jẹ́ ìsinmi, bí kíláàsì bá tilẹ̀ ti tán. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti kó sí pàkúté yìí láìmọ̀. Ẹ gba ìwé tó ń fi ọjọ́ ìsinmi hàn lọ́wọ́ yunifásítì yín kí oṣù Kẹwàá tó parí, torí ẹni tó fẹ́ gbà yín síṣẹ́ máa bèèrè rẹ̀. Kẹ́ ẹ sì yẹra fún gbígbé oúnjẹ kiri fún àwọn iléeṣẹ́ orí fóònù: iṣẹ́ ara-ẹni ni wọ́n kà á sí, físà yín ò sì fàyè gba iṣẹ́ ara-ẹni.

Ṣé ẹ mọ̀ pé ẹni tó ṣiṣẹ́ ọ̀sẹ̀ díẹ̀ péré ní Britain ní owó ìsinmi tirẹ̀? Fún ẹni tí wákàtí rẹ̀ kò dúró sójú kan, 12.07 nínú ọgọ́rùn-ún wákàtí tó ṣe ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń fi í sílẹ̀ lọ torí pé wọn ò bèèrè.

Ìwọ tó ò ń ka èyí nílé, bó bá jẹ́ oṣù Kẹjọ ni, jókòó ti NIN rẹ kó o sì kọ CV. Bó bá ti di oṣù Kọkànlá, fi ṣọ́ọ̀bù Kérésì sílẹ̀ fún àwọn tó tètè dé, kó o lọ sí ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé ládùúgbò rẹ kí aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ tó lù. Ẹ̀ẹ̀rùn ti wọlé, bíríkìlà ń wá lébìrà.