Hudsonia montana àti Iná Orí Òkè

Ní ìpínlẹ̀ North Carolina ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, odò Linville la àárín òkè kọjá, ó sì gbẹ́ àfonífojì jíjìn kan síbẹ̀. Orí àpáta etí àfonífojì yìí, àti orí òkè díẹ̀ tí kò jìnnà sí i, nìkan ni Hudsonia montana ti ń lalẹ̀ hù ní gbogbo àgbáyé. Thomas Nuttall ni ó ṣe àpèjúwe rẹ̀ fún àwọn onímọ̀ ní 1818. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ rí i lè má gbà pé igi ni, nítorí pé ilẹ̀ ni ó ń fà mọ́, kì í sì í ga tó orúnkún; ewé rẹ̀ tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n bí oṣù kẹfà ọdún bá dé, òdòdó aláwọ̀ ìyeyè a bò ó.

Ní 1980, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kà á mọ́ àwọn ewéko tí ó wà nínú ewu, tí òfin sì ń dáàbò bò. Ewu àkọ́kọ́ kò ṣòro láti rí: ẹsẹ̀ ènìyàn ni. Etí àpáta tí igi yìí fẹ́ràn ni àwọn tí ń gun òkè fún ìgbafẹ́ náà fẹ́ràn, ẹni tí ó sì ń wo ọ̀ọ́kán kì í wo ohun tí ó ń tẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ewu kejì ni ó ta kókó. Iná ni a sábà máa ń kà sí ọ̀tá igbó, ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn aṣọ́gbó sì fi pa iná tí mànàmáná dá sílẹ̀ lórí òkè wọ̀nyí. Láìmọ̀, ọ̀tá igi yìí ni wọ́n ń gbè. Hudsonia kò lè gbé lábẹ́ ibòji. Àlàfo tóóró tí ó wà láàárín àpáta lásán àti igbó ṣúúrú ni ààyè rẹ̀. Bí iná kò bá jó ibẹ̀, àwọn igi tí ó ga jù ú lọ, pàápàá Kalmia buxifolia tí òun náà ń hù lórí àpáta, a máa tàn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, wọn a sì gba oòrùn mọ́ ọn lórí. Bí iná bá jó, ó lè pa lára Hudsonia fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n a máa sán igbó náà, irúgbìn a sì rí ilẹ̀ tí oòrùn ń dé láti hù.

Ìdí nìyí tí àwọn aṣọ́gbó kan náà fi wá fi ọwọ́ ara wọn dáná sun díẹ̀ nínú ibẹ̀. Kò rọrùn láti mú èyí bá òfin 1964 mu, òfin tí ó ní kí a fi àfonífojì Linville sílẹ̀ bí ó ti wà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń pa iná mànàmáná náà kò fi í sílẹ̀ bí ó ti wà. Iná nìkan kò sì tó. Ibi tí iná bá ti la ojú ilẹ̀ ni ẹsẹ̀ ti ń rí ọ̀nà gbà, bí a kò bá sì darí àwọn agunkè gba ibòmíràn, èhù titun kò ní pẹ́ tí wọn yóò fi tẹ̀ ẹ́ pa.