Iná láti inú omi: ti òkun kọ́ ló yẹ wá, ti odò ni

Ẹ̀yin èèyàn wa ní Ìlaròó àti Ayétòrò, bí ẹnìkan bá bèèrè pé kí ló dé tí wọn ò fi omi òkun Bàdágírì ṣe iná mànàmáná, ìdáhùn rèé.

Omi òkun máa ń kún, ó sì máa ń fà, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Ní La Rance, lórílẹ̀-èdè Faransé, wọ́n dí ẹnu odò níbi tó ti wọ òkun, wọ́n sì fi ẹ̀rọ tí omi ń yí síbẹ̀. Láti ọdún 1966 ló ti ń ṣiṣẹ́. Agbára rẹ̀ jẹ́ mẹ́gáwáàtì 240. Àmọ́ omi ibẹ̀ ń gòkè tó mítà mẹ́jọ. Ní etíkun tiwa, kì í fi bẹ́ẹ̀ ju mítà kan lọ. Omi tí kò gòkè ò lè yí ẹ̀rọ ńlá.

Odò ló kù, torí dáàmù ló máa ń gbé omi tirẹ̀ ga. A sì ní ọ̀kan nítòsí: dáàmù Ọ̀yán, lágbègbè Abẹ́òkúta. Ààrẹ Shehu Shagari ló ṣí i lọ́dún 1983. Yàtọ̀ sí omi tí Èkó àti Abẹ́òkúta ń rí mu níbẹ̀, wọ́n fi ẹ̀rọ iná mẹ́ta sí i, mẹ́gáwáàtì mẹ́ta-mẹ́ta. Síbẹ̀, títí di ọdún 2007, wọn ò tíì lò wọ́n.

Mẹ́gáwáàtì mẹ́sàn-án ò lè tó gbogbo Ògùn, ṣùgbọ́n ó sàn ju òkùnkùn lọ. Bí olóṣèlú bá wá tọrọ ìbò, ẹ bi í pé: iná Ọ̀yán dà?