Kí Ẹ Tó Ta Ilé Yín, Ẹ Jẹ́ Kí Awọnlẹ̀ Kọ́kọ́ Wọn Ilẹ̀ Rẹ̀

Ìwé ìlàlóye fún onílé àti onílẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Èkó

Bí olùrà bá dé, ọ̀kan nínú ohun tí lọ́yà rẹ̀ máa kọ́kọ́ béèrè ni ìwé àwòrán ilẹ̀, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí survey. Yóò gbé e fún awọnlẹ̀ tirẹ̀, ìyẹn náà yóò sì gbé e lọ sí Ọ́fíìsì Surveyor-General ní Aláùsá láti yẹ̀ ẹ́ wò. Bí àléébù bá wà lára ìwé náà, olùrà ni yóò kọ́kọ́ mọ̀, ẹ̀yin tí ẹ ni ilé ni yóò gbọ́ kẹ́yìn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń já iye owó ilé wálẹ̀, ibẹ̀ náà ni ẹlòmíràn ti ń béèrè owó àsansílẹ̀ rẹ̀ padà. Ìdí nìyí tí a fi ń bẹ̀ yín pé kí ẹ̀yin fúnra yín ṣe àyẹ̀wò yìí kí ẹ tó wá olùrà rárá.

Ohun tí ìwé náà ń sọ

Ẹ óò rí orúkọ ẹni tí wọ́n wọn ilẹ̀ náà fún, àdúgbò àti ìjọba ìbílẹ̀ tí ilẹ̀ wà, bí ilẹ̀ ṣe fẹ̀ tó ní square metre, gígùn ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà bíkìn tó wà ní igun kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ tí wọ́n wọ̀n ọ́n, àti orúkọ, òǹtẹ̀ àti ìbuwọ́lù awọnlẹ̀.

Ohun tí kò sọ ni pé ẹ̀yin ni ẹ ni ilẹ̀ náà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó gbé survey dání bí ẹni gbé ẹ̀rí ìní, tí wọ́n sì pàdánù ilẹ̀ nílé ẹjọ́. Ibi tí ilẹ̀ wà àti bó ṣe tóbi tó ni survey ń fi hàn. Ẹni tó ni ín, ìwé mìíràn ló ń sọ ìyẹn: ìwé àdéhùn ìrà tí lọ́yà ṣe, C of O (Certificate of Occupancy), tàbí ìyọ̀ǹda Gómìnà.

Bíkìn ni òpó kọnkéré kékeré tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ ní igun ilẹ̀. Pèrègún ni àwọn baba wa ń gbìn sí ààlà. Bíkìn ti gba iṣẹ́ yẹn ṣe, òfin sì wà lẹ́yìn rẹ̀: ẹni tó bá hú u tàbí tó sún un kúrò ní ààyè rẹ̀ ti rúfin, bó tilẹ̀ jẹ́ orí ilẹ̀ tirẹ̀ ló wà.

Ìwé àtijọ́ nìkan kò tó

Ilẹ̀ tí wọ́n wọ̀n ní 1985 lè má rí bẹ́ẹ̀ mọ́ lónìí. Ìjọba lè ti fẹ ojú títì kí ó sì mú díẹ̀ níbẹ̀. Aládùúgbò lè ti mọ fẹ́ǹsì rẹ̀ wọ inú ilẹ̀ yín, ó sì lè jẹ́ pé ẹ̀yin gan-an ni ẹ wọ tirẹ̀. Ẹ ké sí awọnlẹ̀ kí ó wá wá bíkìn náà rí, kí ó tún ilẹ̀ wọ̀n, kí ó sì sọ bóyá ohun tó wà nínú ìwé bá ohun tó wà nílẹ̀ mu. Ẹ pe àwọn aládùúgbò ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ẹ̀gbẹ́ òsì àti ẹ̀yìnkùlé kí ó ṣojú wọn. Ọ̀rọ̀ ààlà tí wọ́n sọ níṣojú gbogbo ènìyàn rọrùn ju èyí tí olùrà bá bá nílẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún ọ̀rọ̀ "pulọ́ọ̀tì kan". L'Ékòó, ọ̀pọ̀ ń pe ilẹ̀ tí ìbú rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ 120, ní pulọ́ọ̀tì, ìyẹn bí 669 square metre. Ní Ìbàdàn, ìbú 50 àti gígùn 100 ni ọ̀pọ̀ ń pè bẹ́ẹ̀, kò ju bí 465 lọ. Olùrà tó ti Ìbàdàn wá àti onílé Èkó lè jọ sọ ọ̀rọ̀ kan náà kí èrò wọn má pàdé. Iye square metre ni kí ẹ fi dúnàádúrà.

Bí ó bá jẹ́ survey tí ẹbí fi wọn gbogbo ilẹ̀ wọn pọ̀ ni wọ́n kó fún yín nígbà tí ẹ rà á, ìyẹn kì í ṣe tiyín. Ẹ ní kí wọ́n wọn ìpín yín lọ́tọ̀.

Àyẹ̀wò ní Aláùsá

Èyí ló ṣe pàtàkì jù. Awọnlẹ̀ yóò mú àwọn nọ́ńbà tó ń tọ́ka ibi tí ilẹ̀ yín wà (coordinates) lọ, wọn yóò fi í sórí àwòrán ìjọba, yóò sì hàn bóyá ilẹ̀ náà bọ́ sínú èyí tí ìjọba ti gbà. Bí ìjọba bá ti yà á sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ kan pàtó, bí ọ̀nà tàbí ilé ìwé, ẹ má tà á fún ẹnikẹ́ni, nítorí ìjà lẹ ń tà fún un. Bí ó bá jẹ́ èyí tí ìjọba gbà lápapọ̀ láìtíì yan iṣẹ́ fún un, ọ̀nà wà láti tọrọ àtúnṣe ìwé lọ́dọ̀ ìjọba, ẹ sì ṣe é kí ẹ tó tà. Ẹ béèrè pẹ̀lú bóyá awọnlẹ̀ tó ṣe ìwé yín àtijọ́ fi ẹ̀dà tirẹ̀ sílẹ̀ ní ọ́fíìsì náà. Ìwé tí kò ní ẹ̀dà níbẹ̀ máa ń kó ìdààmú báni.

Ẹni tí ẹ óò pè

Awọnlẹ̀ tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ SURCON, ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó iṣẹ́ ìwọnlẹ̀ ní Nàìjíríà, nìkan ni kí ẹ gbé iṣẹ́ fún. Ẹ gba nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀, kí ẹ sì wádìí rẹ̀. Ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀: iye owó, ìgbà tí iṣẹ́ yóò parí, àti bóyá owó àyẹ̀wò ní Aláùsá wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ní òun yóò fi ìwé ránṣẹ́ láìdé orí ilẹ̀, ẹ má san owó fún un.

Bí ẹ bá wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò yín lè ṣojú yín lórí ilẹ̀, àmọ́ ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ bá awọnlẹ̀ sọ̀rọ̀.

Bí ó bá jẹ́ ilé ẹbí

Bí olórí ẹbí bá dá ilé ẹbí tà láìsọ fún àwọn àgbà ẹbí, ilé ẹjọ́ lè fagi lé e. Bí àwọn ọmọ ẹbí bá tà á láìsí olórí ẹbí, títà náà kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ rárá. Kí gbogbo wọn fohùn ṣọ̀kan kí awọnlẹ̀ tó fi ẹsẹ̀ kan ibẹ̀.

Ìbáà jẹ́ ilé ẹbí tàbí tiyín nìkan, nígbà tí ẹ bá rí olùrà, ẹ rántí pé Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 béèrè ìyọ̀ǹda Gómìnà kí títà tó pé. Survey tuntun wà lára ìwé tí wọn yóò gbà lọ́wọ́ yín níbẹ̀. Ẹ fún olùrà ní ẹ̀dà, kí ẹ sì tọ́jú ojúlówó títí owó yóò fi pé lọ́wọ́ yín.